Mo Wá San Gbèsè: Kẹ̀kẹ́ Ẹṣin Orí Òjò Dídì

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi àpéjọ ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́

    

Ìgbìmọ̀ tó ṣètò ọjọ́ òní ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ìrìn-àjò kan tí mi ò lè gbàgbé. Ogún ìṣẹ́jú ni wọ́n fún mi. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí nílé-ìwé mọ̀ pé ogún ìṣẹ́jú kò tó mi kí ènìyàn tán, ṣùgbọ́n n ó gbìyànjú. Ẹ má rò pé mo wá fi òkè òkun ṣe fáàrí. Gbèsè ni mo wá san. Ẹni tí mo jẹ ní gbèsè náà ló jókòó níwájú yìí, ọ̀pá wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, wọ́n sì ń wò mí bí wọ́n ṣe máa ń wò mí nígbà tí mi ò bá mú iṣẹ́ àṣetiléwá wá.

Ìbéèrè Fọ́ọ̀mù Kejì

Lọ́dún 1973, a wà ní Fọ́ọ̀mù Kejì. Ọyẹ́ ń fẹ́ lọ́jọ́ náà. Ètè gbogbo wa ti ya, ẹsẹ̀ wa sì funfun bí ẹsẹ̀ ẹni tó rìn gba inú ẹlùbọ́ kọjá. Ìwé kíkà Gẹ̀ẹ́sì wa ní ìtàn àwọn ọmọ kan tí wọ́n ń lọ kí ìyá wọn àgbà nígbà òtútù. Olùkọ́ wa ní kí n dìde kà á. Mo ń kà á lọ geere, àfi ìgbà tí mo kan ọ̀rọ̀ kan: sleigh. Mo wò ó lọ, mo wò ó bọ̀, mo wá pè é ní "sìléígì."

Ẹ̀yin ara yín lẹ rẹ́rìn-ín o! Ọ̀kan nínú yín tó ti di ọ̀jọ̀gbọ́n lónìí, "Sìléígì" ló ń pè mí títí a fi ṣe ìdánwò WAEC.

Olùkọ́ wa kò rẹ́rìn-ín ní tiwọn. Wọ́n pè é fún wa bó ṣe yẹ, "sléè." Wọ́n ní kẹ̀kẹ́ tí kò ní ẹsẹ̀ ni, ẹṣin ní í fà á lórí òjò dídì. Mo wá béèrè pé, "Sà, bí kò bá ní ẹsẹ̀, báwo ló ṣe ń rìn?" Kíláàsì pa lọ́lọ́. Ẹ rántí pé láyé ìgbà náà, ìbéèrè kejì lè di pàṣán. Olùkọ́ wa bọ́ jígí ojú wọn, wọ́n fi ẹ̀wù nù ún, wọ́n ní: "Ọmọ mi, èmi náà kò rí i rí. Inú ìwé ni mo ti mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i nínú yín, kó padà wá sọ fún wa."

Mi ò tíì gbọ́ kí àgbàlagbà kankan sọ pé òun kò mọ nǹkan kí ọjọ́ náà tó dé. Ọ̀rọ̀ yẹn bá mi dé ilé, ó bá mi dé ilé-ìwé nọ́ọ̀sì, ó bá mi wọ ọkọ̀ òfuurufú.

Sà, mo ti rí i. Ìdí tí mo fi dúró níbí nìyẹn.

Imọ̀ ọ̀pẹ

Kí n tó dé ilẹ̀ òyìnbó, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ rántí tiwa. Lọ́jọ́ Sátidé, bí a bá ti ro oko ilé-ìwé tán, tí ọ̀gá tó ń ṣọ́ wa bá ti yà sẹ́yìn ilé ìdáná, kí là ń ṣe? A ó wá imọ̀ ọ̀pẹ tó tóbi. Ẹnìkan á jókòó sórí ewé rẹ̀, ẹni méjì á di ọ̀pá rẹ̀ mú, wọ́n á sì máa sáré fà á lọ. Àwọn àgbà nínú wa ló ń jókòó. Àwọn ọmọ Fọ́ọ̀mù Kìíní ló ń fà, àwọn ni ẹ̀gún ìdí imọ̀ ń gún lọ́wọ́. Àwa tí a jókòó la sì ń pariwo pé a ń sáré!

Ẹ rántí pé lórí ilẹ̀ gbígbẹ tó ní òkúta wẹ́wẹ́, imọ̀ kì í fẹ́ lọ. Ó ń họ ilẹ̀, ó ń já, ìdí sì ń ta ẹni tó jókòó. Ṣùgbọ́n lórí koríko tó tutù lẹ́yìn òjò, ńṣe ló ń yọ̀ wọ̀ọ̀. Ẹni tó ń fà á gan-an á máa rẹ́rìn-ín. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí pé ibẹ̀ ni ìdáhùn ìbéèrè mi wà, n kò sì mọ̀.

Kẹ̀kẹ́ tí kò ní ẹsẹ̀

Kẹ̀kẹ́ ẹṣin orí òjò dídì, èyí tí èmi fojú rí, dà bí ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù kékeré tí wọ́n to bẹ́ǹṣì sí. Kò ní táyà. Igi gígùn méjì ló wà lábẹ́ rẹ̀, wọ́n fi irin pẹlẹbẹ bo ìsàlẹ̀ wọn, iwájú wọn sì ká sókè bí imú ọkọ̀ ojú omi.

Bí ẹ bá gbé kẹ̀kẹ́ onítáyà sórí òjò dídì tó jìn, yóò rì, bí lọ́rì agbégi ṣe ń rì sínú ẹrẹ̀ nígbà òjò. Ṣùgbọ́n igi gígùn méjèèjì yẹn ń pín ẹrù náà ká ilẹ̀, kì í jẹ́ kó wọlé. Bí irin bá sì ti ń ha òjò dídì, ooru díẹ̀ ń jáde, ojú òjò dídì á di omi tó tẹ́ẹ́rẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kò lè rí i. Orí omi yẹn ni gbogbo ẹrù náà ń yọ̀ lọ. Ẹ ò rí i pé ọmọ ìyá kan náà ni òun àti imọ̀ wa lórí koríko tútù?

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé láyé àtijọ́, ní ìhà àríwá Amẹ́ríkà àti ní Kánádà, ìgbà òtútù gan-an ni ìgbà tí ọ̀nà dára jù. Nígbà tí òjò dídì bá yọ́, ọ̀nà a di ẹrẹ̀ àti kòtò. Bí òtútù bá padà dé, ẹrẹ̀ a le bí òkúta, òjò dídì a sì tẹ́ ẹ bẹẹrẹ. Ìgbà náà ni àwọn àgbẹ̀ ń kó igi gẹdú jáde nínú igbó, ìgbà náà ni wọ́n ń lọ kí àna. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, wọn kì í kó òjò dídì kúrò lójú ọ̀nà bí wọ́n ti ń ṣe lóde òní. Rólà onígi ràbàtà tí ẹṣin ń fà ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́ kí ó le, kí kẹ̀kẹ́ lè máa yọ̀ lórí rẹ̀.

Ẹṣin kì í ṣe ẹranko ìbílẹ̀ Kánádà ní ìgbà náà. Ọba Faransé, Louis kẹrìnlá, ló bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹṣin ránṣẹ́ síbẹ̀ ní 1665. Ẹṣin náà mọ́ òtútù lára tó bẹ́ẹ̀ tí ilé aṣòfin Kánádà fi irú-ọmọ wọn ṣe ẹṣin orílẹ̀-èdè náà ní 2002.

Ẹ ó máa rí ṣaworo lọ́rùn àwọn ẹṣin náà nínú káàdì Kérésìmesì. Mo ti rò pé ọ̀ṣọ́ lásán ni, bí ṣaworo etí ìyá-ìlù. Àṣé nítorí ẹ̀mí ènìyàn ni! Kẹ̀kẹ́ náà kì í dún rárá lórí òjò dídì. Bí ẹ bá ń fẹsẹ̀ rìn lọ, ó lè dé ẹ̀yìn yín kí ẹ tó mọ̀, ẹṣin kò sì ní bíréèkì. Ṣaworo ló ń kìlọ̀, débi pé àwọn ìlú kan fi òfin dè é pé kẹ̀kẹ́ kankan kò gbọdọ̀ jáde láìsí i.

Màmá dé Chicago

Ó di January 2011. Ọmọ mi obìnrin ti bímọ ní Chicago, Màmá mi sì ti Ìkẹ́rẹ́ wá wo àrọ́mọdọ́mọ wọn. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin ni wọ́n nígbà náà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko, Màmá kò jáde àfi ṣọ́ọ̀ṣì. Lọ́jọ́ kan, wọ́n jókòó sójú fèrèsé, wọ́n ní, "Ṣé ẹ̀wọ̀n lẹ pè mí wá ṣe ni? Gbogbo ayé funfun, ẹnikẹ́ni kò kí ẹnikẹ́ni."

Mo kọ́kọ́ mú wọn lọ sí ilé ìkóhun-ọnà-sí tó wà láàárín ìlú, èyí tí wọ́n ń pè ní Art Institute. Ẹ̀yin ará Ìkẹ́rẹ́, ẹ gbọ́ o: ọ̀pó kan láti ààfin Ògògà wà níbẹ̀ láti 1984. Ọlọ́wẹ̀, agbẹ́gilére ará Ìsẹ̀ tó kú ní 1938, ló gbẹ́ ẹ láàárín 1910 sí 1914. Ọba jókòó, ó dé adé, ẹyẹ wà lórí adé náà, ìyàwó àgbà sì dúró lẹ́yìn rẹ̀.

Bí Màmá ti rí i, wọ́n kúnlẹ̀. "Kábíyèsí o!" Lórí ilẹ̀ dídán ilé òyìnbó! Ẹ̀ṣọ́ kan sáré wá, ó rò pé ìyá arúgbó ṣubú. Mo ní kò ṣubú, ọba ìlú rẹ̀ ló ń kí. Nígbà tí Màmá dìde, wọ́n wo ọ̀pó náà yíká, wọ́n ní: "Wo obìnrin yìí. Òun ló ga jù. Ọba jókòó, òun ló dúró." N kò kà á sí. Mo rò pé ọ̀rọ̀ arúgbó ni.

Lórí òjò dídì

Lọ́jọ́ kejì, mo wá ọkọ̀ lọ sí oko kan ní ìpínlẹ̀ Wisconsin, ìrìn bíi wákàtí méjì ààbọ̀. Mo ti gba àyè sílẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ ẹṣin wọn. Òtútù ọjọ́ náà jẹ́ ìwọ̀n mẹ́jọ sábẹ́ òdo. Èmi wọ bàtà òtútù tó dé orókún. Màmá kọ̀ jálẹ̀, bàtà ṣọ́ọ̀ṣì wọn ni wọ́n fẹ́ wọ̀, wọ́n ní àwọn kò lè wọ bàtà ọdẹ lọ sóde. Mo jẹ́ kí wọ́n borí mi. Èmi, nọ́ọ̀sì! Ẹ fi àṣìṣe yẹn sí ọrùn mi, ẹ má fi sí ọrùn arúgbó.

Ẹṣin méjì ló fà wá. Irú wọn ti Bẹ́ljíọ̀mù wá, ẹṣin iṣẹ́ ni. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wúwo ju 800 kìlógíráàmù lọ, ìyẹn ju àpò sìmẹ́ǹtì 16 lọ. Irun ara wọn nípọn bí rọ́ọ̀gì, èémí sì ń rú ní imú wọn bí èéfín ilé ìdáná tí a fi igi tútù dá. A jẹ́ mẹ́wàá nínú kẹ̀kẹ́. Awakọ̀ fi ẹnu pe àwọn ẹṣin, ṣaworo dún, a sì gbéra.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, kí ni n bá fi wé e? Kò sí gbọ̀ngàn-gbọ̀ngàn, kò sí ariwo ẹ́ńjìnnì. Igi ń kọjá, ilẹ̀ ń kọjá, àfi bí ẹni pé àwa ò rìn. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ ẹṣin pẹ̀ẹ́pẹ̀ẹ́, mo gbọ́ ṣaworo, mo sì gbọ́ ọkàn ara mi. Ìtàn Fọ́ọ̀mù Kejì padà sí mi lórí. Mo fẹ́ pariwo bí ẹni tó jókòó sórí imọ̀.

Lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mo ṣàkíyèsí pé Màmá ti dákẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Màmá mọ̀ pé èyí kì í ṣe àmì dáadáa. Mo ní, "Màmá, ṣé kò sí?" Wọ́n ní, "N kò mọ ibi tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi wà." Àyà mi já. Mo fà bàtà náà bọ́: ẹsẹ̀ wọn tutù bí irin. Awakọ̀ dá ẹṣin dúró. Kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó kó koríko gbígbẹ tó wà nílẹ̀ kẹ̀kẹ́, ó fi yí ẹsẹ̀ wọn ká, ó sì da bùláńkẹ́ẹ̀tì lé e. Mo bọ́ bàtà òtútù mi fún Màmá pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀, mo sì ki ẹsẹ̀ tèmi bọ inú koríko. Díẹ̀díẹ̀, Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún ìráhùn náà.

Nígbà tí à ń padà bọ̀, a dé ibi tí ọ̀nà mọ́tò ti dábùú ọ̀nà ẹṣin. Wọ́n ti kó òjò dídì kúrò níbẹ̀, ilẹ̀ hàn gbangba, ó sì gun òkè díẹ̀. Bí irin kẹ̀kẹ́ ti kan ilẹ̀ gbígbẹ, ó ké gììì! Àwọn ẹṣin tó ti ń rìn bí ẹni ń jó fa ọrùn gùn, iṣan ẹsẹ̀ wọn yọ. Awakọ̀ bẹ̀ wá pé kí àwọn tó bá lè rìn sọ̀ kalẹ̀, kí àwọn àgbà jókòó.

Ta ló kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀? Màmá mi ni, nínú bàtà mi! Ta ló jókòó? Èmi ni, nítorí bàtà ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ló kù fún mi. Ẹ wo ọmọ ọdún mọ́kànléláàádọ́ta tí ẹṣin ń fà, tí ìyá rẹ̀ ń fẹsẹ̀ rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Màmá lọ sí iwájú àwọn ẹṣin, wọ́n ń kí wọn lọ: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú làálàá. Ẹ ṣé o." Awakọ̀ béèrè ohun tí wọ́n ń sọ. Mo ní wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹṣin. Okùnrin náà ṣí fìlà rẹ̀.

Ẹni tó gbé òyìnbó

Nínú ọkọ̀ tí à ń wọ̀ padà sí Chicago ni mo béèrè pé, "Màmá, wọ́n ní kí ẹ jókòó, kí ló dé tí ẹ fi sọ̀ kalẹ̀?" Ìgbà náà ni wọ́n sọ ohun tí n kò gbọ́ rí láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi.

Bàbá tó bí wọn gbé òyìnbó nígbà èwe wọn. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé kò sí ọ̀nà mọ́tò ní Èkìtì nígbà náà. Ẹṣin kì í sì í pẹ́ nínú igbó wa, nítorí eṣinṣin tsétsé tó ń kó àìsàn ràn án. Ọ̀kan nínú ohun tó dá àwọn ológun ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́ dúró létí igbó nìyẹn, pẹ̀lú òkè àti igi wa. Ẹṣin tí ẹ bá rí láàfin nílẹ̀ wa, òkè àríwá ni wọ́n ti rà á wá. Nítorí náà, bí ajẹ́lẹ̀ bá fẹ́ lọ láti ìlú kan sí ìkejì, inú hámọ́ọ̀kì ló ń jókòó sí, aṣọ líle tí wọ́n so mọ́ ọ̀pá. Ènìyàn ló sì ń fi orí gbé e. Ènìyàn ni ẹṣin.

Màmá ní bàbá àwọn kì í bínú bí wọ́n bá ń sọ ọ́. Wọ́n ní ẹrù òyìnbó kò wúwo ní pẹ̀tẹ́lẹ̀. Ibi òkè ló ti ń wúwo. Púpọ̀ nínú wọn kì í sọ̀ kalẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀kan wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti dé ẹsẹ̀ òkè, yóò ní kí wọ́n gbé òun kalẹ̀, yóò sì fẹsẹ̀ gùn ún. Bàbá kò mọ orúkọ rẹ̀. Títí wọ́n fi kú, "Asọ̀kalẹ̀" ni wọ́n ń pè é.

Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sára ilẹ̀kùn ààfin Ìkẹ́rẹ́. Ògògà jókòó ní apá kan, ajẹ́lẹ̀ òyìnbó, Captain Ambrose, wà nínú hámọ́ọ̀kì ní apá kejì, àwọn tó rù ú sì wà níbẹ̀. Wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ sí ibi àfihàn ńlá ní Wembley ní 1924, ilé ìkóhun-ọnà-sí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní London ló sì wà títí dòní. Ní New York pẹ̀lú, ọ̀pó Ọlọ́wẹ̀ kan wà tí jagunjagun gun ẹṣin lórí rẹ̀. Mo lọ wò ó lẹ́yìn ikú Màmá ní 2017. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo abẹ́ ẹṣin náà. Ta ni mo rí? Obìnrin ni, òun ló gbé ẹṣin àti ẹni tó gùn ún. Ọ̀rọ̀ Màmá ní Chicago wá yé mi.

Bí ẹ bá fẹ́ lọ

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ní ọmọ ní òkè òkun, ẹ sì ń lọ kí wọn. Bí wọ́n bá pè yín sí ìrìn yìí, ẹ lọ o, ó dùn. Àmọ́, ẹ gbọ́ ti nọ́ọ̀sì.

Ẹ wọ aṣọ fẹ́ẹ́rẹ́ púpọ̀ léra wọn dípò ẹyọ kan tó nípọn. Ìbọ̀sẹ̀ onírun àgùntàn ni kí ẹ wọ̀, bàtà kò sì gbọdọ̀ fún, kí ẹ̀jẹ̀ lè rìn. Ẹ bo etí, ẹ bo ọwọ́. Ẹni tó bá ní ẹ̀jẹ̀ SS, mo bẹ̀ ọ́, bá dókítà rẹ sọ̀rọ̀ ná, nítorí pé òtútù lè dá ìrora sílẹ̀ nínú egungun. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí ikọ́ fée ń bá jà. Bí ìka bá kú, ẹ má ṣe fi wọ́n sínú omi gbígbóná, ẹ má sì fi ọwọ́ ra wọ́n. Inú ilé ni kí ẹ wọ̀, kí ẹ bò ó, kí ẹ wá ìtọ́jú bí kò bá padà bọ̀ sípò.

Ẹ wo ẹṣin kí ẹ tó wọlé. Òtútù kì í tètè pa ẹṣin tó jẹun: irun rẹ̀ nípọn, koríko gbígbẹ tó ń dà níkùn rẹ̀ sì ń mú ara rẹ̀ gbóná. Ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n léèrè bó ṣe ń sinmi, kí ẹ sì wò ó bóyá irin ẹsẹ̀ rẹ̀ ní eyín kéékèèké tí kì í jẹ́ kó yọ̀. Ibi tí wọn kò bá ti fẹ́ dáhùn, ẹ má wọlé. Ní Montreal, nítorí awuyewuye lórí ìyà tó ń jẹ ẹṣin, ìjọba ìlú fòpin sí kẹ̀kẹ́ ẹṣin àwọn arìnrìn-àjò ní ìparí 2019.

Síbẹ̀, ibi tó dára ṣì pọ̀. Ní erékùṣù Mackinac ní Michigan, wọ́n ti fòfin de mọ́tò láti 1898. Nígbà òtútù, wọ́n ń kó ọ̀pọ̀ jù lọ ẹṣin wọn kúrò ní erékùṣù náà, ìwọ̀nba tó kù ló sì ń ṣiṣẹ́. Ní Wyoming, nítòsí ìlú Jackson, kẹ̀kẹ́ ẹṣin ń gbé àlejò kọjá láàárín agbo ẹranko elk, tó dà bí àgbọ̀nrín ràbàtà, ní ibi ìpamọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1912. Ẹni tí kò sì rí físà gbà, kó lọ wo Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde lọ́jọ́ kẹta Iléyá. Kò sí òjò dídì níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹṣin ń bẹ, àwọn tó gùn ún sì mọ̀ ọ́n gùn.

Ìdáhùn

Olùkọ́ mi, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí mo ti bi yín ní ìbéèrè náà. Mo dé pẹ̀lú ìdáhùn. Kẹ̀kẹ́ tí kò ní ẹsẹ̀ ń rìn nítorí pé ẹnìkan wà níwájú tó ń fà á, tí ọ̀nà sì rọ̀ fún un. Bí ọ̀nà bá le, ẹni tó jókòó ló yẹ kó sọ̀ kalẹ̀.

Àwa tí a jókòó síbí lónìí, tí à ń jẹ́ dókítà, lọ́yà, ọ̀jọ̀gbọ́n, a ti pariwo púpọ̀ pé à ń sáré. Kòkó ẹlòmíràn ló san owó ilé-ìwé wa. Orí ẹlòmíràn ló ru igi tí wọ́n fi dáná fún wa. Ẹ̀yin olùkọ́ wa lẹ fà wá, a sì mọ̀ pé owó oṣù yín máa ń pẹ́ kó tó dé. Ẹ̀gún ìdí imọ̀ gún yín lọ́wọ́.

Alága, mo rí i nínú ìwé ètò yìí pé lẹ́yìn ọ̀rọ̀ mi, àwọn olùkọ́ wa yóò gun orí pèpéle yìí wá bá wa ya fọ́tò. Mo ti ka àtẹ̀gùn náà nígbà tí mo ń gùn ún bọ̀. Méje ni, kò sì sí ibi tí arúgbó lè di mú.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí àwa sọ̀ kalẹ̀ lọ bá wọn.